Tépù Ni Mo Mú Lọ Ra Mọ́tò

Gèlè mi ni mo kọ́kọ́ tú, a ò sì tíì dé Gbọ̀ngán. Òrùlé mọ́tò ti tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ sí mi lórí bí àkàrà tí wọ́n jókòó lé. Mo ká a, mo ní kí n gbé e lé itan, àmọ́ itan ọ̀hún náà ò sí níbi tó yẹ kó wà: orúnkún mi méjèèjì ti gòkè wá bá mi láyà. Kúlà ìrẹsì wà láàárín ẹsẹ̀ mi. Àbígbẹ̀yìn mi ti sùn lé mi lápá òsì. Ọmọ àbúrò ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa wà lápá ọ̀tún, ó ń jẹ gúgúrú, ó ń dà á sí mi lára. Ìgbéyàwó là ń lọ ní Ìbàdàn. Ọkọ mi ló ń wa mọ́tò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló yá a fún wa: mọ́tò elérò méje, èyí tí wọ́n ń fa ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí olówó rẹ̀ máa ń ka ohun tí mo bá kọ.

Màmá, ìyá ọkọ mi, wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ wọn. Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àti ìkejì rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, wà láàárín, kálukú lórí sítì tirẹ̀, wọ́n gbé apá lé ọwọ́ sítì lọ́tùn-ún lósì bí ẹni tó ń gba ìkíni.

Nígbà tí a dé Ìkirè, àwọn oní-dòdò ya bo fèrèsé. Ọkọ mi ra ọ̀rá mẹ́ta. Ẹ mọ bí dòdò Ìkirè ṣe ń rí, dúdú, rírọ̀, tí ata ti wọ̀ ọ́ lára. Iwájú ló ti gbéra, ó dé àárín, ó pẹ́ díẹ̀ láàárín, nígbà tí ọ̀rá máa fi dé ẹ̀yìn, epo àti ẹyọ méjì ló kù.

"Ìyá wọn, ṣé ara tù ẹ́ lẹ́yìn níbẹ̀?"

Mo ní ó tù mí. Kí ni kí n sọ, níwájú Màmá?

Ìgbà tí a fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní Ìbàdàn lọ̀rọ̀ náà yé mi. Màmá ò lè sọ̀. Orúnkún wọn ti le, iwájú mọ́tò náà ga, wọn ò sì rí nǹkan dì mú. Èmi náà ò lè jáde lẹ́yìn, àfi ìgbà tí wọ́n tó ká sítì àárín síwájú tí mo wá fẹ̀gbẹ́ jáde bí akàn. Àwọn ọmọ méjì yẹn ti fò bọ́ sílẹ̀ tipẹ́, wọ́n ti rí ibi tí wọ́n ti ń pín mínírà. Màmá gba iwájú torí pé àgbà ni wọ́n. Èmi gba ẹ̀yìn torí pé ìyàwó ilé ni mí. Ibi tó dára jù nínú mọ́tò náà, àárín, ilẹ̀kùn gbàǹgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ààyè ẹsẹ̀ níwájú rẹ̀, àwọn tó lè sùn lórí òkúta láì jí la fi í fún.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, ní Òkè-Fìà nínú Òṣogbo níbí. Kò sí ọjọ́ tí mi ò kì í wọn àyà, ìdí àti gígùn ẹsẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi ní owó kọpẹ́rétífù òun ti jáde, pé ká fi ra mọ́tò tó máa gba gbogbo wa, orí fóònù ló ti bẹ̀rẹ̀. Alaalẹ́ ló ń ka nọ́ńbà sí mi létí bí ẹni ń ka èsì bọ́ọ̀lù. Toyota Sienna ti 2004, ààyè ẹsẹ̀ lẹ́yìn pátápátá, ínṣì 39.5. Honda Odyssey ti 2005, 41.1. Sienna ti 2011, 36.3.

"Odyssey ló borí," ló wí. "Ọ̀rọ̀ ti bùṣe."

Mo ní kò tíì bùṣe. Mélòó nínú àwọn oníbàárà mi ló ń wọlé wá sọ pé, "Àǹtí, sáìsì 14 ni mí, ẹ má wulẹ̀ wọ̀n mí"? Tí mo bá tẹ̀ lé wọn báyìí, aṣọ á fún lápá, á tú níbàdí, wọ́n á sì sọ fún gbogbo Òkè-Fìà pé mi ò mọṣẹ́. Nọ́ńbà ò parọ́, ṣùgbọ́n ara ẹlòmíràn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí wọ́n ṣe ń wọn ààyè ẹsẹ̀ yìí gan-an. Èmi ti rò pé láti ẹ̀yìn sítì kan dé ẹ̀yìn sítì kejì ni, bí ìgbà téèyàn na tépù sára ògiri. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ère kan ni wọ́n ní, onírin àti oníke, tí wọ́n máa ń gbé jókòó sórí sítì. Oríkèé ìdí ère náà ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkùnrin gíga ni wọ́n ṣe fún un. Ère yìí ò wé gèlè rí. Kò gbé kúlà sẹ́sẹ̀ rí. Ọmọ kankan ò sùn lé e lápá. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ọkọ mi ń kà yẹn ò sì sọ bí sítì ṣe ga sí ilẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni wàhálà tèmi ti bẹ̀rẹ̀ lójọ́ Ìbàdàn.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu nìyí. Sienna ti 2004 àti ti 2011, àárín táyà iwájú sí táyà ẹ̀yìn wọn dọ́gba, nǹkan bíi mítà 3.03. Yáàdì kan náà ni. Báwo wá ni ẹ̀yìn ti 2011 ṣe fi ínṣì mẹ́ta àti díẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́? Mo ka ìwé rẹ̀ síwájú. Sítì àárín ti 2011 ń rìn lórí irin, síwájú sẹ́yìn, tó ínṣì 23. Ínṣì 23! Gígùn apá ọmọdé ni. Bí ẹ bá sún sítì àárín sẹ́yìn pátápátá, ẹni tó wà níbẹ̀ á na ẹsẹ̀ bí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹni ẹ̀yìn á sì há. Bí ẹ bá sún un síwájú, ẹni ẹ̀yìn á mí. Kò sí nọ́ńbà kan tó lè sọ èyí tí yóò rí nínú ilé yín, torí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí irin yẹn ló máa sọ ọ́. Bí aṣọ tí wọ́n gbé wá fún mi láti fi rán ìró àti bùbá ni: bí mo bá fi apá ṣe fẹ̀ǹfẹ̀, ara ìró ni màá ti yọ ọ́.

Ọkọ mi ní mo ti ń fi ọ̀rọ̀ mọ́tò ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ. Mo ní ṣebí àwọn méjèèjì, ara èèyàn ni wọ́n ń gbà.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Àwọn tó dàgbà ní Òṣogbo bíi tèmi ò lè gbàgbé Peugeot 504 onílẹ̀kùn ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ń tò sí Old Garage. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, mọ́tò wa ni. Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ń gbé wa wọ̀ ọ́ lọ sí Èkó. Méjì níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, mẹ́ta láàárín, mẹ́ta lẹ́yìn, àwa ọmọdé sì jẹ́ àfikún, orí itan ni tiwa. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn máa ń tẹrí ba láti Òṣogbo dé Ọjọ́ta bí ẹni ń gbàdúrà.

Àfi bí mo ṣe rí i pé àárín táyà sí táyà 504 yẹn, mítà 2.9 ni, àti pé Sienna àkọ́kọ́ tó jáde fún 1998, mítà 2.9 náà ni! Gígùn wọn lórí ilẹ̀ dọ́gba, ara tí wọ́n tu ò sì dọ́gba rárá. Mẹkáníìkì wa ló là á yé mi, ó fi ọwọ́ olóyìlì yàwòrán rẹ̀ sórí páálí. Táyà ẹ̀yìn ni 504 fi ń rìn. Irin gbọọrọ kan ní láti ti ìdí ẹnjìnnì lọ sẹ́yìn láti yí i, irin yẹn ń gba abẹ́ ẹsẹ̀ yín kọjá, ló fi jẹ́ pé ilẹ̀ mọ́tò ní gegele láàárín. Táyà iwájú ni Sienna àkọ́kọ́ fi ń rìn ní tirẹ̀. Ẹnjìnnì, jíà, gbogbo rẹ̀ kóra jọ síwájú, kò sí irin kankan tó ń lọ sẹ́yìn. Ilẹ̀ wá tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì wálẹ̀, òrùlé sì lè jìnnà sí i. Ọgbọ́n tí Chrysler fi gbé Caravan àti Voyager jáde ní ìparí 1983 nìyẹn, Renault náà sì gbé Espace tiwọn jáde ní 1984. Ibi tí wọ́n gbé ẹnjìnnì sí ló fún wa láàyè ẹsẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan la lọ wo àwọn tòkunbọ̀ ní títì Gbọ̀ngán. Mo mú tépù mi dání. Mo sì wé gèlè, kì í ṣe pé mò ń lọ òde kankan. Ọmọkùnrin tó ń ta mọ́tò wò mí títí, ó wo ọkọ mi, ó wo Màmá tí wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá.

"Ẹ káàbọ̀ mà. Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ rán aṣọ fún mọ́tò ni?"

Mo ní kí ó ṣílẹ̀kùn.

Gíga sítì sí ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wọ̀n. Àga tí a fi ń jẹun nílé wa, ínṣì 18 ni. Àga ìdí máṣíìnì mi, 17. Mọ́tò àkọ́kọ́ tí mo wọ ẹ̀yìn rẹ̀, 12. Ínṣì 12! Àpótí ni. Ẹni tó bá ti jókòó sórí àpótí ro ọkà fún èrò rẹpẹtẹ rí mọ ohun tí mò ń sọ: orúnkún á ga ju ìbàdí lọ, itan ò ní kan sítì, ìdí nìkan ni yóò ru gbogbo ara. Fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kò burú. Dé Ìbàdàn, ó burú. Òmíràn jẹ́ 14, òmíràn 14 àtààbọ̀. Ínṣì méjì àtààbọ̀ ò jọ nǹkan kan létí, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tí ìró rẹ̀ fi ínṣì méjì àtààbọ̀ kúrú.

Lẹ́yìn náà ni fífẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ni wọ́n ní ẹ̀yìn ń gbà. Mo na tépù láti ògiri dé ògiri níbi ìdí, kì í ṣe níbi èjìká, torí ibi táyà máa ń wú wọlé wá lápá méjèèjì, ibẹ̀ ló ń jẹ ààyè. Ọmọdé mẹ́ta, ó gbà wọ́n. Àgbàlagbà méjì àti ọmọdé kan, ó gbà wọ́n. Obìnrin Òṣogbo mẹ́ta pẹ̀lú aṣọ òkè? Ẹ má tan ara yín.

Gèlè ni mo fi wọn òrùlé. Èyí tó bá ti kan án, mo ti jáde níbẹ̀. Ọkọ mi ní èmi nìkan ni mo máa ń wọn mọ́tò pẹ̀lú ọ̀ṣọ́. Àmọ́ nígbà wo gan-an ni gbogbo wa máa ń wọ mọ́tò kan ṣoṣo lọ ibì kan, bí kì í bá ṣe òde?

Màmá ò nílò tépù. Ẹ̀yìn wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé jókòó sí ẹnu ọ̀nà àárín, wọ́n á wá fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ilẹ̀ dé ibi tí wọ́n ń tẹ̀ wọlé, tí mo bá wọ̀n ọ́n, kò ju ínṣì 16 lọ nínú èyí tó bá wọn lára mu. Jíìpù ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń dán yanranyanran, tí ọkọ mi ti ń fi ojú ẹ̀gbẹ́ wò láti ìgbà tí a wọlé. Màmá wo ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n wo ọmọ wọn. "Ṣé àkàbà á tẹ̀ lé e?" Bí ọ̀rọ̀ jíìpù ṣe parí nìyẹn.

Àwọn nǹkan kan wà tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ tí mo rí lọ́jọ́ náà. Ihò jíjìn kan wà lẹ́yìn sítì ẹ̀yìn pátápátá. Inú ihò yẹn ni sítì ń ká sí tí ẹ ò bá lò ó; Odyssey ti 1999 ti ní in, Sienna gbà á nígbà tó yá. Tí sítì bá wà lórí ìdúró, ihò náà di bọ́ọ̀tù. Mo ní kí wọ́n bá mi wá kúlà. Ọmọkùnrin yẹn rò pé mò ń ṣàwàdà, ó wá lọ gbé ti ìyá oní-píọ̀-wọ́tà tó wà lẹ́bàá títì wá. Ó wọ inú ihò náà géérégé, bẹ́ẹ̀ ni sítì ẹ̀yìn ò sún kúrò níbi tó wà. Mo rántí ẹsẹ̀ mi lọ́nà Ìbàdàn, inú bí mi lákọ̀tun.

Àwọn Chrysler láti 2005 tilẹ̀ ń ká sítì àárín náà sínú ilẹ̀. Ó dùn fún ẹni tó ń kó ẹrù, torí ẹ ò ní máa tú sítì jù sí pálọ̀. Ṣùgbọ́n sítì tó máa ká wọ ihò ní láti tín-ín-rín, timùtimù rẹ̀ ò lè nípọn bíi ti èyí tó dúró sójú kan. Màmá jókòó sórí ọ̀kan, wọ́n dìde.

Ti AC ò gùn. Kí afẹ́fẹ́ ti òrùlé jáde lórí ẹni ẹ̀yìn, kì í ṣe ti iwájú nìkan. Kí gíláàsì ilẹ̀kùn àárín ṣe é sọ̀ kalẹ̀, torí ọjọ́ tí AC ò ní ṣiṣẹ́ ń bọ̀, ó dájú.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún bẹ́ǹṣì. Mọ́tò kan wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní, owó rẹ̀ sì rọ̀, sítì àárín rẹ̀ jẹ́ bẹ́ǹṣì elérò mẹ́ta tí awọ rẹ̀ tuntun. Mo fi ọwọ́ pa ojú rírán awọ náà. Kì í ṣe máṣíìnì iléeṣẹ́ ló rán an, okùn rẹ̀ nípọn, ìgbésẹ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò dọ́gba, ẹni kan ní Òṣogbo níbí ló rán an. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀: wọ́n ti yọ sítì méjì tó bá a wá, wọ́n jó irin tuntun mọ́ ilẹ̀. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló wà fún èèyàn mẹ́ta. Mọ́tò yẹn ti fi gáréèjì ṣe ilé. Mi ò sọ pé ẹni tó ń kó èrò ṣẹ̀. Èmi náà ń wọ irú rẹ̀ lọ Ìlọrin. Àmọ́ kì í ṣe èyí tí màá kó ọmọ mẹ́rin sí.

Nígbà tó kù méjì tí a fẹ́ mú nínú wọn, Odyssey kan àti Sienna ti 2011, mo sọ fún ọkọ mi pé kó wọ ẹ̀yìn lọ jókòó. Ó ní torí kí ni, òun ni òun máa wà á. Mo ní kó ṣáà jókòó, kí èmi àti ọmọkùnrin yìí sọ̀rọ̀ owó. Ó ga, ọkọ mi. Ó tẹ̀ wọlé, ó yí ara padà, mo gbọ́ tí orí rẹ̀ kan nǹkan. Mo sọ̀rọ̀ owó. Mi ò kánjú. Nígbà tí mo padà dé, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orúnkún mú.

"Ìyá wọn. Ibí yìí lo jókòó sí dé Ìbàdàn?"

"Ẹ fi ti kúlà kún un," mo ní.

Kò dáhùn. Nígbà tó ṣe, ó ní kí n bá òun fa irin abẹ́ sítì àárín yẹn, kí òun wò ó bóyá ó ń rìn lóòótọ́.

Sienna ti 2011 la gbé lọ sílé, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù lórí fóònù.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá la gbé e lọ Ìlá, ìlú àwọn Màmá. Sítì àárín apá ọ̀tún ni wọ́n fúnra wọn lọ jókòó sí, wọn ò wo iwájú rárá. Àkọ́bí mi ló bọ́ síwájú, inú rẹ̀ sì dùn. Èmi? Àbígbẹ̀yìn mi kì í jókòó níbi tí mi ò bá sí, ẹ̀yìn náà ni mo padà wà. Kúlà wà nínú ihò.

A ti kọjá Ìkìrun nígbà tí Màmá bọ́ bàtà wọn. Ẹsẹ̀ wọn nà lọ jìnnà, ààyè tó wà níwájú wọn lè gba odó. Wọ́n yíjú sẹ́yìn, wọ́n wo orúnkún mi tó wà lára ẹ̀yìn sítì wọn.

"Ìyàwó mi, níbo ni irin yẹn wà?"

Mo ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu, pé mo wà dáadáa. Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n fi ọwọ́ wá a lábẹ́ sítì, wọ́n rí i, wọ́n fà á. Sítì sún síwájú, gìrì, ó dúró.

"Ó tó?"

"Ó tó mà. Ẹ ṣeun mà."

Wọ́n tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i.